Ìṣó Tó Ṣófo ní Santa Quiteria

Ní Arizona tiwa níbí, a máa ń dìbò yan gómìnà, a máa ń dìbò yan àwọn aṣòfin, a sì máa ń dìbò yan ẹni tí yóò máa yẹ ibi ìwakùsà wò kí àpáta má baà pa ènìyàn. Ti ẹ̀kẹta yìí kò yé mi rí. Ṣé ìbò ni wọ́n fi ń mọ àpáta tó fẹ́ wó ni? Bí eyín bá ń ro ènìyàn, kì í pe aráàlú jọ kí wọ́n dìbò yan ẹni tí yóò yọ ọ́.

Ìbéèrè tí mo gbé lọ bá Verna Apodaca nìyẹn nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n tẹ̀ lé e kiri, kí n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ nítorí ìbò tó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ pé lọ́jọ́ tí a bá dé Santa Quiteria, ẹ̀mí arúgbó awakùsà kan tó ń jẹ́ Cuco Montijo yóò so rọ̀ sórí ìṣó kan lára pátákó, àti pé kò ní bọ́ àfi bí ẹnì kan bá bi ìṣó yẹn ní ìbéèrè.

Verna ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ó kúrú, ó ki, irun rẹ̀ ti funfun bí òwú, kì í sì í jáde láìdé akẹtẹ̀. Dos Pozos, ìlú kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Santa Quiteria, ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ wa kùsà níbẹ̀ títí ikọ́ fi lé e kúrò nínú kòtò. Òun fúnra rẹ̀ jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún sídìí ẹ̀rọ tó ń fa àgò irin lókè kòtò. Àgò yẹn ni àwọn awakùsà ń bá sọ̀ kalẹ̀, òun náà ni wọ́n ń bá gòkè. Ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ kì í rí àwọn tó ń fà. Aago ni wọ́n ń lù sí i láti ìsàlẹ̀, bí aago bá sì ṣe dún ló fi ń mọ̀ bóyá òkúta ló wà nínú àgò tàbí ọmọ ènìyàn.

“Bí o bá ṣi aago gbọ́,” ó sọ fún mi, “o ti pa ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba ‘mo rò pé’ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Láti ìdí ẹ̀rọ ló ti lọ di ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń rán kiri láti yẹ ibi ìwakùsà wò. Nígbà tí ọ̀gá wọn sì fẹ̀yìn tì, ó jáde du ipò náà. Ìbò tó fi wọlé kò pọ̀ púpọ̀. Orúkọ tí àwọn awakùsà sọ ọ́ ni Dúró-Ná, nítorí kò sí ibi tó dé tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé nílé náà, bí ọbẹ̀ bá hó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò. Kí wọ́n dúró ná.

Ẹni tó ń bá a du ipò lọ́dún yìí ni Garrett Stroud, tó ń ta ilẹ̀. Ó gun pẹpẹ níbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn, ó ní, “Obìnrin yìí, bí eṣinṣin bá bà lé ògiri ibi ìwakùsà, á ní kí iṣẹ́ dúró títí eṣinṣin á fi fò lọ!” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Verna wà láàrin wọn, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni a wà, aṣálẹ̀ ń sáré kọjá lójú fèrèsé, nígbà tí mo bi í.

“Mà, kí ló dé tí gómìnà ò kàn lè wá onímọ̀ kan, kó gbé iṣẹ́ yìí lé e lọ́wọ́?”

“Ó lè wá a. Onímọ̀ pọ̀ bí yanrìn.”

“Kí wá ni ti ìbò?”

“Ẹni tí ẹnì kan ṣoṣo gbé gẹṣin, ẹni yẹn náà ló lè ní kó sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá ti ibi ìwakùsà kan pa lónìí, ẹni tó ni ín á wá ẹni tó máa pè. Ta ló máa pè nítorí tèmi? Ṣé á máa pe gbogbo Arizona lọ́kọ̀ọ̀kan ni?”

“Àmọ́ àwọn awakùsà ń dìbò,” mo ní. “Bí ẹ bá dá iṣẹ́ wọn dúró, inú wọn kì í dùn. Ṣé ẹ ò ní máa bẹ̀rù wọn?”

Ó wò mí fìrí, ó dá ojú padà sọ́nà. “O ò purọ́. Ìyẹn náà ń bẹ níbẹ̀.”

Mo retí pé yóò fi nǹkan kún un. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà, ó sì jókòó.

A dé ibi ìwakùsà Santa Quiteria láìránṣẹ́ ṣáájú. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Curtis Bohannon, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán, ló pàdé wa lẹ́nu géètì, ọkùnrin gíga tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ibẹ̀.

“Haa! Aǹtí Dúró-Ná! Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ń bọ̀.”

“Bí mo bá sọ, ṣé màá bá ìdọ̀tí kankan nílẹ̀ ni?”

“Ìdọ̀tí kẹ̀? Níbí? Ẹ wá fimú kan ilẹ̀. Òórùn tamale ló fà yín wá, ẹ jẹ́wọ́.”

Òótọ́ ni pé òórùn tamale gba gbogbo àyíká. Lẹ́yìn ọkọ̀ kan ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, Socorro, ìyàwó Cuco Montijo àti ìyá Irma ọmọ wọn, ti to àwọn ìkòkò ńlá sílẹ̀, àgbàdo lílọ̀ àti ẹran ń hó nínú háhá. Ọjọ́ yẹn ni Cuco máa ṣe iṣẹ́ àṣekẹ́yìn. Irun rẹ̀ ṣì dúdú nígbà tó kọ́kọ́ wọ kòtò yẹn, ní báyìí kò ku irun kan lórí rẹ̀ tí à bá bi ní àwọ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń pè é ní Bàbá Cuco.

“Verna,” Socorro kígbe, “mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ o. Má dá tamale mi dúró!”

“Ata ńkọ́?”

“Ata wà.”

“Kò sí ẹjọ́ kankan nígbà náà.”

Ó kí wọn tán, ó wọ iṣẹ́. Ó yẹ okùn irin àgò wò. Ó yẹ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ wò. Ó gun àkàbà kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún un gùn. Ó bi Bohannon ní ìbéèrè kan náà lọ́nà mẹ́ta. Kí n má purọ́, oorun ń kùn mí. Mo ń ro bí màá ṣe kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí a ń dìbò fún yìí, kí a máa tẹjú mọ́ okùn ni.

Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sán ń lọ sí òpin, àwọn awakùsà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n ti gbẹ́ ihò sára àpáta nísàlẹ̀, wọ́n ti ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́. Bí gbogbo ènìyàn bá ti jáde tán, Bohannon yóò fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣí àpótí kékeré tó wà lókè, yóò tẹ bọ́tìnì, ẹ̀tù yóò sì bú gbàmù. Èéfín rẹ̀ yóò fi alẹ́ gbogbo jáde, àwọn ti òwúrọ̀ yóò sì wá kó òkúta tó fọ́.

Kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí ènìyàn nísàlẹ̀, pátákó ńlá kan wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà àgò. Apá òsì jẹ́ Ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún jẹ́ Òkè, ìṣó tò lára méjèèjì. Olúkúlùkù awakùsà ní idẹ pẹlẹbẹ kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bó bá ń lọ sínú kòtò, á gbé e kọ́ apá Ìsàlẹ̀. Bó bá jáde, á gbé e padà sí apá Òkè. Ọmọ ilé ìwé jẹ́léósinmi lè kà á. Bí idẹ kan bá ṣì wà ní apá Ìsàlẹ̀, ẹ̀tù kò gbọdọ̀ dún.

Àgò gbé wọn dé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Wọ́n ń jáde pẹ̀lú eruku lójú, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ta ara wọn nígbọ̀nwọ́, idẹ ń dún ṣaworo lórí ìṣó. Ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn jáde. Bohannon wo apá òsì. Kò sí idẹ kankan níbẹ̀.

“Pátákó ti mọ́,” ó ní, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn.

“Dúró ná,” ni Verna wí.

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mí kanlẹ̀. “Ó tún ti dé.”

Apá òsì kọ́ ni Verna ń wò. Apá ọ̀tún ló tẹjú mọ́, níbi tí gbogbo idẹ ti tò bí eyín. Eyín kan ti ká níbẹ̀.

“Curtis, ta ló ni ìṣó tó ṣófo yìí?”

“Ti Bàbá Cuco ni.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ti jí idẹ rẹ̀ fún ayẹyẹ.”

Verna mọ̀ ọ́n, gbogbo Dos Pozos ló mọ̀ ọ́n. Bí awakùsà bá ń ṣe iṣẹ́ àṣekẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jí idẹ rẹ̀ gbé kó tó débi pátákó. Á máa wá a kiri, á máa bú wọn, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òfin kò gbà fún un láti lọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e jáde, tí wọ́n ti kàn án mọ́ pákó dáradára, wọ́n á sì fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé wo ni mo wọ̀ ní ìlú yẹn tí pákó bẹ́ẹ̀ kò sí lára ògiri?

“Mo mọ̀ ọ́n,” Verna ní. “Bàbá Cuco fúnra rẹ̀ dà?”

“Á ti wà níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.”

“Á ti wà?”

“Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Oúnjẹ ń tutù.”

“Jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Bí mo bá ti rí ojú rẹ̀, kí o tẹ bọ́tìnì rẹ, kí n lọ jẹ tamale. Gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn wá.”

Ariwo sọ láàrin wọn. Ẹnì kan ní ìdí nìyí tí Stroud yóò fi wọlé. Ẹlòmíì béèrè bóyá nítorí akọ̀ròyìn ló ṣe ń ṣe é, gbogbo wọn sì yíjú sí mi. Èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀, n ò ní tàn yín. Ìbò kù díẹ̀, ẹni tó ń kọ̀wé dúró tì í, ìgbà wo ló tún fẹ́ ṣe àṣehàn? Ṣùgbọ́n òfin fún un láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró níbi tó bá ti rí ewu, Bohannon kò sì jẹ́ bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. Verna fi í sínú àpò, ó sì de bọ́tìnì àpò náà.

Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ kì í ṣe yàrá tó ní kọ́ńbọ́ọ̀dù. Agbọ̀n irin ni olúkúlùkù ní, ṣéènì sì ni wọ́n fi ń fa agbọ̀n náà sókè dé àjà, kí aṣọ wọn lè gbẹ. Bí ẹni tó ni ín bá dé láti inú kòtò, á fa tirẹ̀ wálẹ̀, á wọ aṣọ ilé. Nígbà tí a wọlé, agbọ̀n ti wálẹ̀ káàkiri, àwọn ọkùnrin ń nu ara.

Verna gbójú sókè. Gbogbo wa gbójú sókè.

Agbọ̀n kan ṣì so rọ̀ lábẹ́ àjà. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò funfun kan yọ létí rẹ̀, ṣòkòtò tí Socorro lọ̀ fún ayẹyẹ.

Ariwo ibẹ̀ kú. Omi ń sáré nínú páìpù kan, kò sẹ́ni tó ti í.

Ìgbà yẹn gan-an ni Dwayne Pruitt já wọlé. Dwayne ni ẹnì kejì Bàbá Cuco lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti jọ ń gbẹ́ àpáta fún ọdún pípẹ́. Ó gbé pákó kan dání, ó ti fi epo nù ún títí ó fi ń dán, idẹ Bàbá Cuco wà láàrin rẹ̀.

“Ó dà?” ó ní tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ṣé ó ti ń bú ìyá mi?”

“Dwayne,” Verna ní jẹ́jẹ́, “ìhà wo lo ti mú idẹ yìí? Ìsàlẹ̀ ni tàbí Òkè?”

Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣá. “Ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ rí àyè kàn án kó tó dé. Ó ní kí n máa lọ, pé òun á bá àwọn ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn gòkè.”

“A rò pé ó bá ẹ gòkè ni!” ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn kígbe.

Pákó bọ́ lọ́wọ́ Dwayne.

Bohannon ti ń sáré. Ó pe fóònù ìsàlẹ̀, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Verna ní kí àgò padà sísàlẹ̀, kí Bohannon àti Dwayne wọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ lé wọn. Kò pariwo. Ó kọjú sí obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó béèrè bóyá ó ń gbọ́ aago dáadáa. Obìnrin náà ní òun ń gbọ́. Àgò rì wọ ilẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò, nítorí náà ẹ̀tù kò lè dún mọ́. Èmi fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí arúgbó náà kò gbé fóònù? Àbí àpáta ti já lé e? Àbí ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀?

Socorro ti gbọ́. Ta ló sọ fún un, n ò mọ̀. Ó rìn wá láti ìdí ìkòkò, ṣíbí igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Verna, ọkọ mi dà?”

“Wọ́n ti lọ mú un wá, Màmá Irma.”

“Ẹ̀tù ńkọ́?”

Verna mú ọwọ́ obìnrin náà, ó gbé e lé orí àpò rẹ̀ kó lè fọwọ́ ba kọ́kọ́rọ́. “Ó wà níbí.”

“Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní kó lo oògùn láàárọ̀, ó ní òun ti lò ó. Onírọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń pa irọ́ oògùn.”

“Ọkọ tèmi náà bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló ń wá nísàlẹ̀? Kí ló gbàgbé síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá?”

A dúró. Oòrùn wọ ẹ̀yìn òkè, òjìji rẹ̀ rọra gorí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn tó ń ráhùn nípa tamale ṣí akoto lórí. Mo wo Verna. Ó ti kúrò ní ẹni tí ń wo pátákó, ó ti sún mọ́ fèrèsé ìdí ẹ̀rọ, ó yí etí sí i bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ fẹ́ jáde lẹ́nu ẹlòmíì.

Aago dún.

Ó tún dún. Lẹ́yìn náà ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́.

N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ojú Verna ni mo kà. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n sọ̀. “Ènìyàn ló wà nínú rẹ̀,” ó ní. “Bó bá jẹ́ pé ó fara pa, aago mìíràn ni wọn ì bá lù. Màmá Irma, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń bọ̀.”

Socorro jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú eruku, pẹ̀lú aṣọ ayẹyẹ.

Àgò dé òkè. Bohannon jáde, ojú rẹ̀ funfun. Dwayne jáde, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn wọn ni Bàbá Cuco, kúkúrú, gbígbẹ, pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Kò tíì mọ nǹkankan. Wọn ò lẹ́nu láti sọ ọ́ fún un nínú àgò. Ó kọjú sí pátákó, ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ méjèèjì ka ìbàdí.

“Èwo nínú ẹ̀yin ọmọ olè ló gbé idẹ mi?”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń retí láti àárọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo ilé fi pa ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Arúgbó náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Kí ló ṣe yín? Ta ló kú?”

Socorro ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nílẹ̀ tó wà. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, ẹkún tún di ẹ̀rín. Ó dìde, ó fi ṣíbí igi gbá a ní èjìká. “Bàbá Irma! Ṣé o lo oògùn ẹ?”

“Mo lò ó.”

“Onírọ́!”

Ìgbà náà ni gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, bí omi tó ya odi.

Yàrá tí wọ́n ti ń jẹun tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀, tí wọ́n ti pa tì, ni Bàbá Cuco lọ. Ara ògiri ibẹ̀ ni àwọn awakùsà àtijọ́ máa ń kọ orúkọ wọn sí lọ́jọ́ àṣekẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ó wá rí i pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan ti kú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ó ń fi ẹfun kọ orúkọ tiwọn náà, ó gbàgbé ara rẹ̀. Fóònù yàrá yẹn, wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́. Ọ̀nà tó kọjá níwájú rẹ̀ gan-an sì ni èéfín ẹ̀tù máa ń gbà jáde. Èéfín yẹn kì í jẹ́ kí ènìyàn rìn dé àgò. Bohannon fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Verna kò tíì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ní kí Dwayne yọ idẹ kúrò lára pákó, kó fi lé Bàbá Cuco lọ́wọ́. “Ẹ fúnra yín ni kí ẹ gbé e kọ́ ọ, Bàbá. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ rí.”

Bàbá Cuco gbé e kọ́ apá Òkè. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Verna pe orúkọ gbogbo ẹni tó ní idẹ, ó dúró gbọ́ ohùn olúkúlùkù, kò sì sí ẹni tó ráhùn. Lẹ́yìn èyí ló tó ṣí àpò.

A gbọ́ ẹ̀tù náà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa, gbì, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn ńlá kan nínú ilẹ̀. Ìdérí ìkòkò Socorro mì. Bàbá Cuco wo ilẹ̀ pẹ́. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ẹfun mọ́ àyà, ó wá sọ pé, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jẹun.”

Iṣẹ́ mi ni láti ṣiyèméjì, mo sì ṣe é. Mo bá Bohannon nídìí ọkọ̀ rẹ̀, mo bi í bóyá òun ì bá tẹ bọ́tìnì.

“Mo máa ń pe orúkọ kí n tó tẹ̀ ẹ́,” ó ní.

“Nígbà gbogbo?”

“Nígbà gbogbo.”

Mo bi awakùsà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì wo bàtà rẹ̀, ó ní tamale dùn lónìí. Mo gbé e padà lọ bá Verna, tó fara ti ọkọ̀, àwo lọ́wọ́. Mo ní, ṣé ẹ̀yin lẹ gba Bàbá Cuco là?

“N ò mọ̀,” ó ní. “Bóyá Curtis ì bá pe orúkọ. Bóyá arúgbó náà ì bá jáde kó tó tẹ bọ́tìnì. Ta ló mọ̀? Inú mi dùn pé a ò mọ̀. Àwọn tó bá mọ̀ dájú, ibi òkú ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n.”

Ó ti kọ àṣẹ kan sílẹ̀: láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan idẹ ẹlòmíì, ìbáà ṣe fún eré, kò sì gbọdọ̀ sí ẹ̀tù kankan mọ́ láìpe orúkọ. Ó sì ti iṣẹ́ pa títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi jókòó gbọ́ àlàyé rẹ̀. Ìyẹn gba owó iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kùn nípa rẹ̀, tí ẹran tamale ṣì wà lẹ́nu wọn. Ìdáhùn tó jókòó sí ìdajì ọ̀nà láàárọ̀ kò tíì dìde.

Mo rò pé mo mọ bí màá ṣe parí ọ̀rọ̀ mi. Mo lọ bá Bàbá Cuco, tó jókòó láàrin ìyàwó rẹ̀ àti Dwayne, tí Dwayne kò fẹ́ fi apá rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá,” mo ní, “ta lẹ máa dìbò fún báyìí?”

Ó dẹ́kun jíjẹ. “Mo ti dìbò.”

Òótọ́ ni, níbí yìí wọ́n máa ń fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sílé kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ó ti fi tirẹ̀ sínú àpótí lẹ́tà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

“Ta lẹ dì í fún?”

Ó wo Socorro. Ó wo Verna, tó ti sún mọ́ wa. Ó wo inú àwo rẹ̀.

“Stroud,” ó ní.

“Bàbá Irma!”

“Ó fún mi ní fìlà!”

Dwayne tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ jáde. Àwọn tó wà nítòsí ń gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Verna kò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ó gbé àwo rẹ̀ sórí ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ arúgbó náà.

“Ṣé fìlà náà bá orí yín mu?”

“Ó fún díẹ̀,” Bàbá Cuco ní.

“Ọdún mẹ́rin sí i, ìbò mìíràn ń bọ̀. Kí ẹ sáà ti wà láàyè, Bàbá, kí ẹ tún dì í lòdì sí mi.”

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tirẹ̀ tó jáde, ẹ̀rín ńlá tí n kò rò pé ó wà nínú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Socorro bọ́ háhá tamale mìíràn, ó sì gbé e sínú àwo rẹ̀ láìbéèrè.